Aṣòfin Tí Ìwádìí Bá Dá Lẹ́bi, Kó Kọ̀wé Fipò Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ọdún mẹ́rin péré ni òfin fún aṣòfin láti lò lórí àga tí a dìbò gbé e sí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ aṣòfin kan ní ilẹ̀ wa yìí gbà ju ọdún mẹ́jọ lọ kí ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó dá a. Ẹ fi iye ọdún méjèèjì wéra, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ wà níbẹ̀.

Ní January 2012, ìjọba gbé owó bẹntiróòlù láti náírà 65 sí 141, ará ìlú sì tú jáde sí títì. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin wá yan Ọ̀gbẹ́ni Farouk Lawan, aṣojú Shanono àti Bagwai ní Kánò, ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí owó ìrànwọ́ orí epo. Láàárín oṣù díẹ̀, ariwo ta pé alága gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan, kó lè yọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí ìwádìí bá wí. Ilé yọ ọ́ nípò alága ní June 2012, ṣùgbọ́n kò fi Ilé sílẹ̀ títí sáà fi parí ní 2015. June 2021 ni ilé ẹjọ́ tó rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí 5 ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i ní 2024.

Nítorí náà, nígbà tí aṣòfin bá ní "ẹ jẹ́ kí kóòtù dá mi lẹ́bi ná," ohun tó ń sọ ni pé ẹ jẹ́ kí n jẹ sáà mi tán. Iṣẹ́ kóòtù ni láti mọ ẹni tó yẹ fún ẹ̀wọ̀n. Ti àga yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ni.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ọba mọ èyí dáadáa. Akọ̀wé kékeré tí ẹ̀sùn ńlá bá kàn, wọ́n lè ní kó lọ jókòó sílé pẹ̀lú ìlàjì owó oṣù títí ìwádìí yóò fi parí. Kò sẹ́ni tó ń dúró de kóòtù nítorí tirẹ̀. Kí ló dé tí òfin fi le fún akọ̀wé, tó wá rọ̀ fún ẹni tó ń ṣe òfin?

Kì í ṣe pé kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Ní July 1999, Alhaji Salisu Buhari, Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin, fipò sílẹ̀ nígbà tí àṣírí tú pé ó parọ́ ọjọ́ orí àti ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ní October 2007, ìgbìmọ̀ ìwádìí Ilé sọ pé wọn kò tẹ̀lé ìlànà nínú kọngiráàtì àtúnṣe ilé àti ọkọ̀ tó tó náírà mílíọ̀nù 628. Ìyáàfin Patricia Etteh, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa níbí, kúrò lórí àga Olórí Ilé. Kì í ṣe kóòtù ló lé wọn.

Ẹlòmíràn yóò ní ará ìlú lè pe aṣòfin padà. Òótọ́ ni, abala 69 ìwé òfin 1999 sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ju ìdajì gbogbo olùdìbò agbègbè náà lọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí a tó tún wá dìbò lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Ìwọ̀-oòrùn Kogí ní April 2018, àwọn tí àjọ INEC rí pé ìbúwọ́lùwé wọn péye kò ju nǹkan bí 5 nínú 100 lọ. Ìlẹ̀kùn wà, àmọ́ ó wúwo. Ìdí nìyí tí ìtìjú fi gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí òfin kò lè tètè ṣe.

A kò sọ pé kí aṣòfin lọ nítorí àhesọ tàbí ìwé ìròyìn. Agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Kí ìgbìmọ̀ pè é, kí ó wí tẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ìròyìn ìwádìí náà jáde kí gbogbo wa kà á. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ṣe gbogbo èyí, tí wọ́n sì dá a lẹ́bi, kó kọ̀wé. Bí kóòtù bá dá a láre lọ́la, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un láti tún wá tọrọ ìbò wa.

Wòlíì Sámúẹ́lì dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí ẹni tí òun bá gba màlúù rẹ̀ jáde wá sọ. Aṣòfin tí kò bá lè dúró bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tó rán an, ẹ má ṣe bá a gbé àpò ní ìbò tó ń bọ̀, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ wa. Àga kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó.