Ẹ sọ ìtàn átọ̀mù fọ́mọ

1/ Ẹ̀yin tíṣà kẹ́mísìrì l'Ádó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ní kọ́mọ há Dalton sórí lásán.

2/ Ọmọ ahunṣọ ni. Ìwọ̀n ló ń wò: oxygen tí ìwọ̀n carbon kan ń gbà nínú gáàsì kan jẹ́ ìlọ́po 2 ti gáàsì kejì. Ó ní hóró-hóró ni nǹkan, bí àgbàdo. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1808.

3/ Àmọ́ ó ní hóró hydrogen 1 ló wà nínú omi. Irọ́ o, 2 ni! Ó ní átọ̀mù ò ṣeé fọ́. Thomson rí electron ní 1897.

4/ Ọmọ tó bá gbọ́ èyí á mọ̀ pé òun náà lè bi sáyẹ́ǹsì ní ìbéèrè. Ní 1970 ni Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ Ifẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Kí làwa ń dúró dè?