TA NI YÓÒ BÁ ARÁ OKO BÈÈRÈ?

Àwọn tí ó wà ní ìpàdé wa tí ó kọjá ní Elephant and Castle kò ní ṣàì rántí ariwo tí ó sọ nígbà tí akápò wa dábàá pé kí olúkúlùkù dá ogún pọ́n-ún, kí a fi gbẹ́ kànga dẹ̀rọ̀ fún ìlú kan nílé. Gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo nawọ́ sókè, tí mo ní: "Ìlú yìí ní káńsù, ó ní aṣojú ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ó tún ní òmíràn ní Àbújá. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi owó omi ìlú náà ṣe?" Ẹ̀gbọ́n kan dá mi lóhùn pé bí òùngbẹ bá ń gbẹ ènìyàn, ìbéèrè kọ́ ni a ń bù fún un mu. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá owó. Èmi náà dá tèmi, nítorí pé òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì 12 lọ sí Peckham lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú pé kí ó fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. A ti gbàgbé iṣẹ́ tí a rán aṣòfin. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nílé pé ta ni aṣòfin tí ó dára. Yóò sọ fún yín pé ẹni tí ó fún àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀kadà ni, tí ó pín ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn obìnrin, tí ó pín ìrẹsì ní Kérésìmesì àti ní Iléyá, tí ó sì san owó ìdánwò fún àwọn ọmọ iléèwé. Nǹkan wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ìtọrẹ ni wọ́n. Ọlọ́jà tí ó bá lówó lè ṣe é, a kò sì ní láti dìbò yan ọlọ́jà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni a rán aṣòfin: kí ó ṣe òfin, kí ó fọwọ́ sí owó tí ìjọba yóò ná, kí ó sì bi ìjọba léèrè bí ó ṣe ná an. Ẹ̀kẹta yìí ni ará oko nílò jù. Ará ìlú ńlá ní ìwé ìròyìn, ó ní rédíò, ó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì lè fẹsẹ̀ rìn dé Sẹkitéríàtì láti lọ pariwo. Ará oko kò ní ju ẹnì kan ṣoṣo lọ tí ẹnu rẹ̀ dé ibẹ̀. Bí ẹni náà bá dákẹ́, gbogbo abúlé ti dákẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Ní ayé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, nígbà tí ilé aṣòfin wa wà ní Ìbàdàn, inú ilé kan náà ni àwọn mínísítà àti àwọn aṣojú jọ ń jókòó. Bí afárá bá wó ní abúlé kan, aṣojú abúlé náà lè dìde kí ó bi mínísítà tí ọ̀ràn kàn léèrè lójú gbogbo ayé, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Èmi kò sọ pé ọ̀run rere ni ilé náà o. Àwọn tí ó mọ ìtàn mọ bí àga ṣe fò nínú rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1962. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé díẹ̀ ní 450,000 ní 1954. Ní 1955 wọ́n ti ju 800,000 lọ. Kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ti fi kún owó-orí, ará ìlú sì ń kùn. Nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ alátakò ni ó mú ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn tí ó ń ṣèjọba gbọ́dọ̀ padà lọ bá àwọn ènìyàn, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí owó náà wà fún. Ìbéèrè kò pa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí ìjọba gbàgbé pé owó olówó ni ó ń ná.

Ní oṣù kìíní 1966 àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì ti ilé aṣòfin pa. Ẹ kíyè sí i pé ilé aṣòfin ni wọ́n tì, wọn kò ti ilé agbowó-orí. Nígbà tí yóò fi di 1968, àwọn àgbẹ̀ wa ń san owó-orí, wọ́n ń wo ọ̀nà oko wọn tí ó ń bàjẹ́, owó kòkó kò tó nǹkan, àwọn agbowó-orí sì ń lé wọn kiri. Ta ni wọn ìbá rán sí ìjọba? Kò sí aṣojú mọ́. Nígbà náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Ní oṣù kọkànlá 1968 wọ́n wọ́ lọ sí Ìbàdàn, ìbọn dún, ènìyàn sì kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayoola kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ìjà kò tán. Ní 1969 ọba kan wàjà nínú rògbòdìyàn náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà sì fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ohun tí Tafa Adeoye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ kò ju pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni agbára àwọn ká. Lẹ́yìn tí Olóyè Awólọ́wọ̀ ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ún méjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó wò. Ọ̀rọ̀ tí aṣojú kan ìbá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bèèrè nínú ilé, ẹ̀jẹ̀ ni a fi bèèrè rẹ̀ lójú pópó.

Nígbà tí alágbádá padà dé ní 1979, a fi ètò tí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, a mú ti Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, mínísítà àti kọmíṣọ́nnà kì í ṣe ọmọ ilé aṣòfin mọ́, àkókò ìbéèrè ìgbà náà sì bá a lọ. Síbẹ̀ òfin kò gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ aṣòfin. Abala 128 nínú ìwé òfin 1999 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní agbára láti wádìí bí a ṣe ń ná owó ìlú. Abala 129 sì fún un ní agbára láti pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí. Ọ̀bẹ wà nínú àkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́ gómìnà kò ní yọ ọ̀bẹ sí i.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí owó ń gbà. Káńsù 774 ni ó wà nínú ìwé òfin wa. Abala 162 sọ pé owó wọn láti Àbújá yóò wọ inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti àwọn káńsù rẹ̀ jọ ni. Ẹni tí ó bá ti fi oúnjẹ rán ọmọ gba ilé ẹlòmíràn kọjá yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ìpínlẹ̀ 36, pé ó tọ́ kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, àti pé káńsù tí ará ìlú dìbò yàn nìkan ni ó tọ́ sí. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé abúlé. Bí owó náà tilẹ̀ dé ọwọ́ alága káńsù lónìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bi alága náà léèrè lọ́la.

Níhìn-ín tí a wà ńkọ́? Ní Ọjọ́rú, bí ilé aṣòfin wọn bá ń jókòó, Olórí Ìjọba gbọ́dọ̀ dìde kí ó dáhùn ìbéèrè. Ní oṣù kọkànlá 2024, Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tí ẹkùn rẹ̀ ní North West Essex kún fún oko àti ìlú kéékèèké, di olórí ẹgbẹ́ alátakò, ipò tí ó fún ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ láyè ìbéèrè mẹ́fà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ nípa Nàìjíríà, àríyànjiyàn yẹn kò sì ní parí ní Peckham láéláé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an ni mo ń wò. Àwọn aṣojú ìgbèríko tí a kò mọ orúkọ wọn ni mo ń wò, tí wọ́n ń kọ ìbéèrè sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀sì tí kò dé abúlé mọ́ tàbí ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n fẹ́ tì, tí ìjọba sì gbọ́dọ̀ fi ìwé dáhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń yin òyìnbó jù. Ẹ wo ibi tí a ti ń ṣe ìpàdé gan-an. Wọ́n parí àwọn ilé Heygate ní 1974. Nígbà tí ó fi di 2014 wọ́n ti wó wọn tán. Káńsù Southwark ta ilẹ̀ náà ní mílíọ̀nù 50 pọ́n-ún, lẹ́yìn tí ó ti ná nǹkan bí mílíọ̀nù 44 láti kó àwọn ènìyàn kúrò níbẹ̀. Àṣìṣe inú ìwé kan ni ó tú àṣírí yìí ní 2013. Ará àdúgbò kan bèèrè ìṣirò tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, káńsù kọ̀, ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, ní 2014 ilé-ẹjọ́ sì ní kí wọ́n tú púpọ̀ nínú rẹ̀ síta. Ìbéèrè náà kò gbé ilé kan dìde padà. Ṣùgbọ́n lónìí kò sí ẹni tí ó lè purọ́ fún wa nípa iye tí wọ́n tà á.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àwọn mọ̀lẹ́bí mi dáwó, a fi tún òrùlé yàrá méjì ṣe ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú ìyá mi. Nígbà tí mo délé, mo bá pátákó ńlá níwájú iléèwé náà. Àwòrán olóṣèlú kan wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni ó tún un ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá àgbà kan tí ó jókòó nítòsí, mo ní: "Bàbá, ta ni ó tún òrùlé yìí ṣe?"

Bàbá ní: "Ọmọ mi, ẹ̀yin ni. Ẹni tí ó gbé pátákó wá nìyẹn."

Mo ní: "Kí ló dé tí ẹ kò bi í, Bàbá?"

Bàbá wò mí títí. Ó ní: "Ta ni yóò bá wa bi í? Ẹni tí a rán pé kí ó máa bá wa bèèrè, òun náà ni àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé owó wa lè di ìdérí. Bí òrùlé bá ṣì ń jò, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bèèrè owó òrùlé. Nígbà tí a ti bò ó, ta ni yóò tún bèèrè? Owó tí ó yẹ kí ìjọba ná ti bá tirẹ̀ lọ ní ìdákẹ́jẹ́, àwa sì ni a bá wọn dáké.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ kànga náà. Ṣùgbọ́n kí a tó fi owó ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ìwé kan ṣíwájú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ káńsù àti sọ́dọ̀ aṣojú ìlú náà ní ilé aṣòfin, pé: èló ni a yà sọ́tọ̀ fún omi ìlú yìí, èló ni ó jáde, kí ni a sì fi ṣe? Òfin 2011 lórí ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe sọ pé ẹnikẹ́ni lè bèèrè láì sọ ìdí, kí ìdáhùn sì dé láàárín ọjọ́ méje. Ní oṣù kẹrin 2025 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a ka ìdáhùn náà ní èdè Yorùbá ní ìpàdé ìlú nílé. Bí wọn kò bá sì dáhùn, ẹ jẹ́ kí a ka ìyẹn náà.

Ẹnì kan lè sọ pé ó rọrùn fún wa láti sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, pé ẹni tí ó bá bèèrè nílé lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ gan-an sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ àwa. Owó oṣù wa kò sí lọ́wọ́ gómìnà kankan. Nígbà tí àwọn òṣèlú bá sì wá kí wa ní London, tí a bá wọn ya fọ́tò, tí a ń ná wọn lówó bí ẹni pé àwa ni a jẹ wọ́n, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè kan ṣoṣo ṣíwájú ìrẹsì. Oúnjẹ kò ní tutù jù.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú orúkọ káńsù ìlú rẹ̀ àti orúkọ aṣojú rẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó tẹ ilé láago kí ó bèèrè. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ire o.