Títa ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù kọ́ ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́, ohun tí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe ni

Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti ṣí ọjà agbábọ́ọ̀lù nílùú òyìnbó báyìí, àríyànjiyàn a bẹ̀rẹ̀ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù àti nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ tó bá ta ìràwọ̀ rẹ̀ ti pa ara rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kò sí ọjà tí kò ṣe é tà bí owó bá ti pé. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ tán nínú méjèèjì. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ kọ́kọ́ dáhùn: ọdún mélòó ló kù nínú ìwé àdéhùn ọmọ náà? Ta ló wà nílẹ̀ tó lè gba ipò rẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe? Oníṣòwò kékeré náà lè fi ìbéèrè yìí wo ọjà tirẹ̀.

Ti ìwé àdéhùn ló ṣe kókó jù. Lọ́dún 2008, Real Madrid ń wá Cristiano Ronaldo lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n Manchester United kò tà á. Àdéhùn rẹ̀ ṣì ń lọ títí di 2012, kò sí ohun tó ń lé wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́dún kan sí i, wọ́n gba ife líìgì lọ́dún 2009, ìgbà náà ni wọ́n wá tà á ní mílíọ̀nù 80 pọ́n-ùn. Títí di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tíì san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí agbábọ́ọ̀lù rí. Mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn ó lé díẹ̀ ni wọ́n rà á lọ́dún 2003.

Arsenal kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2012. Ọdún kan péré ló kù nínú àdéhùn Robin van Persie, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò ní í tọwọ́ bọ̀wé tuntun. Bí wọ́n bá dá a dúró, ọ̀fẹ́ ni yóò lọ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ni wọ́n bá tà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 pọ́n-ùn fún Manchester United tí wọ́n jọ ń du ife. Gólù 26 ló gbá wọlé nínú líìgì lọ́dún náà, United sì gba ife. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọjọ́ tí wọ́n tà á kọ́ ni wọ́n ṣàṣìṣe, ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí àdéhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni.

Owó náà tún ní bí wọ́n ṣe ń ná an. Lọ́dún 2013, Tottenham ta Gareth Bale fún Real Madrid ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 85 pọ́n-ùn. Agbábọ́ọ̀lù méje ni wọ́n kó wọlé lásìkò kan náà, bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ tó wọ ọjà láìmọ ohun tó fẹ́ rà. Kó tó di Kérésìmesì, kọ́ọ̀ṣì wọn, André Villas-Boas, ti lọ, ipò kẹfà ni wọ́n sì bá parí líìgì. Roberto Soldado tí owó rẹ̀ wọ́n gan-an kò lò ju ọdún méjì lọ. Christian Eriksen tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti Soldado ló wúlò jù.

Liverpool ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Barcelona wá ra Philippe Coutinho lọ́dún 2017, wọn ò gbà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni wọ́n tó gbà, nígbà tí owó náà ti di bíi mílíọ̀nù 142 pọ́n-ùn, pẹ̀lú èyí tí wọ́n máa san tó bá yá. Salah, Mané àti Firmino ti wà níwájú, ibẹ̀ kò lè ṣófo. Ẹ̀yìn ni ilé wọn ti ń jò. Wọ́n fi mílíọ̀nù 75 ra Virgil van Dijk láti máa dènà ẹ̀yìn, wọ́n tún ra aṣọ́lé, Alisson. Lọ́dún 2019, wọ́n na Barcelona tí Coutinho wà nínú rẹ̀ ní gólù 4 sí òdo, wọ́n sì gba ife Champions League. Wọ́n gba ife líìgì lọ́dún 2020, lẹ́yìn ọdún 30.

Oníṣòwò kékeré kì í ta ènìyàn, ṣùgbọ́n òun náà ní ìràwọ̀ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ kan tó ń mówó wọlé ju àwọn yòókù lọ, tí ẹnìkan wá gbówó lé. Bó bá jẹ́ orí ayẹyẹ ni owó náà fẹ́ lọ, kó má tà á. Bó bá fẹ́ fi dí ihò tó ń jẹ èrè lójoojúmọ́, kó tà á, ṣùgbọ́n kó ti mọ ohun tó máa rọ́pò rẹ̀ kó tó gbowó.

Ti ọmọṣẹ́ tí gbogbo oníbàárà ń béèrè yàtọ̀ díẹ̀. Kí ọ̀gá bá a sọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọjọ́ iwájú nígbà tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà nínú iṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tó bá wá dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kó sì máa kọ́ ẹlòmíràn mọ́ ọn, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá lọ, ó di títì, ti wà nínú ewu kí ẹnikẹ́ni tó wá fi owó lọ̀ ọ́.