Kọ̀ǹpútà Tó Dákú Kò Tíì Kú, Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Sin Ín

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé létí àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á. Owó wa wà nínú rẹ̀, ohùn àwọn òkú wa náà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ló bèèrè ìdí tí ìpàdé wa tó kọjá fi bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà dípò aago mẹ́rin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lálẹ́ Sátidé, akọ̀wé wa fẹ́ pa láptọ́ọ̀pù wọn, wọ́n rí i tí ó kọ "Update and shut down", wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lọ sùn. Iná lọ lóru. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ọ̀hún ti darúgbó, kò lè dá dúró ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò tan mọ́. Tàbí ká sọ pé ó ń tan, àmọ́ kò dé ibì kankan: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é á yọ, àwọn ẹ̀wà kéékèèké á máa yí po, ojú rẹ̀ á wá di búlúù, á kọ òyìnbó díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú láptọ́ọ̀pù yìí ni orúkọ gbogbo wa wà, àti àkọsílẹ̀ ẹni tó ti san owó ìrànwọ́ ìsìnkú àti ẹni tí kò tíì san, ó ti tó ọdún mẹ́fà.

Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sílé. Ọmọkùnrin ibẹ̀ wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, ó ní, "Oga, this one don die o. Na to format am." Ó dárúkọ owó rẹ̀. Ká má purọ́, díẹ̀ ló kù ká sanwó fún un.

Àbúrò wa obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú ló pe fóònù pé ká dúró, òun ń bọ̀. Nígbà tó dé, tó wò ó, ó ní, "Ó dákú ni, ẹ̀yin bàbá, kò kú." Àbí ẹni tó bá dákú, ṣé a máa ń sáré lọ gbẹ́ sàréè fún un ni?

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí "format" jẹ́, torí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń gbọ́ ọ tí a ò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò ó báyìí: káfíńtà wá sílé yín láti pààrọ̀ ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ó ti yọ ti àtijọ́, kò tíì kan tuntun tán, iná lọ, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ẹnu ọ̀nà ti dí pẹ̀lú pákó. Ẹ ò lè wọlé, àmọ́ àga, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ, gbogbo ẹ̀ ṣì wà ní yàrá bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Bí update ṣe máa ń kùnà nìyẹn. Ẹni tó wá ní ká ṣe format, ohun tó ń sọ ni pé ká wó ilé náà pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, ká kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ ibẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé tuntun á dúró. Ẹrù yín ńkọ́?

Ohun tí àbúrò wa ṣe ò gba idán. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ká tan jẹnẹrétọ̀, òun ò ní fọwọ́ kàn án lórí bátìrì yẹn. Ó tan láptọ́ọ̀pù náà. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ ṣe yọ báyìí, ó tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan án mọ́lẹ̀ títí ó fi kú. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Windows fúnra rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, ó gbé ojú ewé àtúnṣe jáde. Ó wọ Troubleshoot, ó wọ Advanced options. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú Startup Repair, kò ṣiṣẹ́. Ó wá yan Uninstall Updates, tí wọ́n fi ń yọ update tó wọlé kẹ́yìn kúrò. Ẹ̀yà méjì ló wà níbẹ̀: quality update ni ti oṣooṣù, feature update ni ńlá tí ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ti oṣooṣù ni tiwa.

Ibẹ̀ ni òógùn ti bò wá. Kọ̀ǹpútà ní ká mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker wá, nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta gbáko. BitLocker ni àgádágodo tí Windows fi ń ti gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì pa kí olè má bàa rí i kà. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun ló ń ti ara rẹ̀ pa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń wà lórí àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni ín, fóònù lèèyàn lè fi wò ó, ní aka.ms/myrecoverykey. Ó dáa, àkáǹtì wo? Akọ̀wé wa ò mọ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ti lọ sí Kánádà ló bá wọn ṣí i lọ́jọ́ tí wọ́n ra láptọ́ọ̀pù náà, pásíwọ́ọ̀dù sì bá a lọ. A jí ọmọ ọlọ́mọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá a títí, ó rí i, ó ń ka nọ́ńbà láti òkè òkun, àbúrò wa ń tẹ̀ ẹ́ ní Àbújá, Alága wa dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ó tan. Gbogbo orúkọ pé síbẹ̀.

Ẹ má rò pé àwa mẹ̀kúnnù nìkan nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, ọjọ́ Fráìdè kan, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ CrowdStrike fi update kékeré kan ránṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lágogo tiwa níbí, aago márùn-ún ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni. Àṣìṣe wà nínú fáìlì ọ̀hún, kọ̀ǹpútà Windows tí Microsoft ní iye wọn tó 8,500,000 sì di búlúù káàkiri ayé. Wọ́n fa fáìlì náà sẹ́yìn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 78, àmọ́ èyí tó ti gbé e mì ti gbé e mì. Ọkọ̀ òfuurufú Delta nìkan fagi lé nǹkan bí 7,000 ìrìn àjò láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ní Ìlú Ọba, àwọn dókítà ò rí ìwé aláìsàn wọn wò, tẹlifíṣọ̀n Sky News pàápàá kúrò lórí afẹ́fẹ́ fúngbà díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹbí yín wà ní London á rántí.

Kí ni oògùn tí CrowdStrike kọ fún wọn? Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe format. Wọ́n ní kí wọ́n wọ Safe Mode tàbí ojú ewé àtúnṣe kan náà tí àbúrò wa wọ̀, kí wọ́n lọ síbi tí fáìlì ọ̀hún wà, kí wọ́n pa ẹyọ kan péré rẹ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291, kí wọ́n tún un tàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, èèyàn gbọ́dọ̀ dúró níwájú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kó tó ṣe é. Àwọn náà sì ń wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker kiri bíi tiwa. Tí bánkì àti pápákọ̀ òfuurufú bá lè fara balẹ̀ wá fáìlì kan, kí ló dé tí àwa ń sáré wó ilé?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn wá nìyí. Ìyá kan wà láàárín wa ní Kubwa, ọkọ wọn ti di olóògbé. Bàbá yẹn, ní gbogbo ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n máa ń ki oríkì ọmọ náà, wọ́n á sì fi fóònù gbà á sílẹ̀, wọ́n á kó o sínú láptọ́ọ̀pù. Àwọn ọmọ tí a bí sí Àbújá, tí Yorùbá wọn ò já gaara, ohùn bàbá wọn lèyí tí wọ́n ní tó mọ orílẹ̀ wọn. Láptọ́ọ̀pù náà kọ̀ láti tan lẹ́yìn update. Ṣọ́ọ̀bù kan bá wọn ṣe format, wọ́n gbà á padà, ó ń dán gbinrin, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìyá náà sanwó, wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà kí wọ́n tó délé tí wọ́n ṣí i. A ti gbé e lọ bá ẹni méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn. Dísìkì ayé òde òní, tí wọ́n ń pè ní SSD, kì í sábà dá ohun tí wọ́n bá ti pa rẹ́ padà, àgàgà tó bá jẹ́ pé wọ́n ti tì í pa tẹ́lẹ̀. Kò rí i gbà.

A ò fẹ́ bú ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà fún un pé kó jẹ́ kó tan, ó sì jẹ́ kó tan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohùn olóògbé wà níbẹ̀, òun náà ò bèèrè. Ẹ̀bi rẹ̀ ni àìbèèrè, tiwa ni àìsọ. Ẹni tó bá ti mú screwdriver dání la ń pè ní ẹnjiníà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu: "Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni mo fẹ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà." Tó bá ní kò sọ́nà àfi format, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ lè fi fláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà náà, kó kó fáìlì yín jáde. Ó lè yọ dísìkì rẹ̀ so mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ tún Windows ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ní "Reset this PC", "Keep my files" ni kí ẹ ní kí wọ́n yàn. "Remove everything" ni ọkọ́ tí wọ́n fi ń wó ilé.

Àwọn kan dìde nípàdé, wọ́n ní ká má ṣe update mọ́ láéláé. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2017, Microsoft gbé update kan jáde tó dí ihò kan nínú Windows. Àwọn tí kò gbà á ni WannaCry wọlé tọ̀ ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Ọsibítù ní Ìlú Ọba ń dá aláìsàn padà. Nítorí náà update dáa, àsìkò tí à ń ṣe é ni kò dáa. Nítorí dátà òru tó pọ́ọ́kú, òru la máa ń ṣe é, ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ti sùn tí àwa náà ti sùn. Ẹ ṣe é lójúmọmọ, nígbà tí iná bá wà tàbí tí ínfátà kún. Bí ẹ ò bá ráyè, ẹ tẹ Pause updates, ó lè dúró tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wa ńkọ́? Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10 láti ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, àyàfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń rà ni kò tó gba Windows 11, àwọn kan sì ń fi tipátipá gbé e lé e lórí. Microsoft ò ṣèlérí update fún irú wọn. Ẹ bèèrè kí ẹ tó rà á.

Ti ẹgbẹ́ wa ti yanjú báyìí: ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, wọ́n á tún máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lóṣooṣù. Kọ́kọ́rọ́ BitLocker ti wà nínú ìwé, lọ́wọ́ Alága. Àbúrò wa á dé síbi ìpàdé tó ń bọ̀ láti aago méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó bá òun wá kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tàbí kí ó bá òun kó àwòrán sórí fláàṣì, kó gbé láptọ́ọ̀pù àti fláàṣì rẹ̀ wá, kó sì rántí email tó fi ṣí i. Bàbá wa tó jẹ́ akọ̀wé kí ti ìsinsìnyí tó gbà á ní àwọn náà ń mú ìwé ńlá wọn bọ̀. Wọ́n ní orúkọ mẹ́rin wà nínú tiwọn tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti sanwó.