Ọ̀dà Tí Ó Bà Sára Ọkọ̀ àti Èyí Tí Ó Wọ Àyà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo abiyamọ tí ó ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, pàápàá ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kun ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ òfì ní Òjé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìtàdógún ni ọjà náà ń pé, tí àwọn ará Ìṣẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ yóò sì kó òfì wá síbẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ àbíkẹ́yìn kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀, ó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Òjé lọ sí Géètì. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan ni ọmọ náà ti ń wúkọ́ lóru. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, “Bá mi gbà á níyànjú kí ó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Èmi kò bímọ fún ọ̀dà jẹ.”

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, inú ọmọ náà ń dùn ni. Ó ti kó àjọ rẹ̀, ó sì ti fi ra ohun èlò tuntun tí a fi ń fín ọ̀dà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní gọ́ọ̀nù. Ó ní, “Ẹ jókòó, Ìyá mi, òní ni mo fẹ́ dán an wò.”

Ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ìjàpá ni, Volkswagen àtijọ́, ti bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ ní Èkó. Ní 2003 ni èyí tí ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé jáde ní Mẹ́síkò. Bàbá yìí ti fi òfì bo àga inú rẹ̀, ó ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá ń fẹ́ kí ara rẹ̀ dà bí ẹtù: aró dúdú, pẹ̀lú ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó ní kí irú rẹ̀ má sí ní Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ohun èlò yìí ti wá, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Dókítà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Allen DeVilbiss, tí ó ń gbé ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ohun kékeré kan ní nǹkan bí 1888 láti máa fi fín oògùn sí ọ̀fun àwọn aláìsàn. Ọmọ rẹ̀, Thomas, ni ó sọ ọ́ di ohun tí a fi ń fín ọ̀dà ní 1907. Láyé ìgbà náà, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun ọkọ̀, ó sì máa ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó gbẹ tán. Nígbà tí ọ̀dà Duco tí ó ń yá gbẹ jáde ní 1923, fífín borí kíkùn. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí: ohun tí a dá láti wo ọ̀fun sàn ni ó wá ń fi ọ̀fun àwọn ọmọ wa ṣeré.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí ni èyí. Gọ́ọ̀nù àtijọ́ ń fi agbára púpọ̀ ti ọ̀dà jáde. Bí ẹ bá da ife mẹ́wàá sínú rẹ̀, bóyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò bà sára ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé ìyókù lọ. Tuntun yìí ń lo atẹ́gùn púpọ̀ ṣùgbọ́n ó ń tì í jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí a bá lò ó bí ó ti yẹ, ó kéré tán, ìdá 65 nínú 100 ni yóò bà sára ọkọ̀.

Ọmọ náà kò kọ́kọ́ fín in sára ìjàpá. Ó gbé páálí kan ró, ó fín in sí i. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ àlòkù kan wá. Ó fín in, ọ̀dà gbẹ, ó sì rí ṣáṣá bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ó sún mọ́ ọn, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Ojú rẹ̀ fà ro. Àṣé atẹ́gùn kò tó: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ kéré, kì í lè bọ́ irú gọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ yó. Ó lọ bẹ fọganáísà tí ó wà lódìkejì, ìyẹn yá a ní tirẹ̀ tí ó tóbi. Ó tún ìdúró ṣe: kò sún mọ́ ọn ju ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kò sì jìnnà jù, ó ń gbé gbogbo apá lọ gbọọrọ, kì í ṣe ọrùn ọwọ́ nìkan. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn àlòkù náà ń dán bí omi inú àwo.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti ìsọ̀ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ó tú aṣọ funfun kan nínú ẹrù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Fi ti àtijọ́ fín.” Ọmọ fín in. Nígbà tí a ó wo aṣọ, ó ti di aláró. Ó fi òmíràn kọ́. “Ó yá, fi tuntun fín.” Ọmọ tún fín in. Aṣọ kejì yìí mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó ní èérún ọ̀dà lára níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí i. Ó ní, “Èyí tí ó kù yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àyà rẹ ni yóò wọ̀?” Ọmọ náà dorí kodò. Gbogbo owó ti tán sórí gọ́ọ̀nù. Aṣọ àkísà ni ó fi di imú.

Ẹ̀yin ìyá, aṣọ àkísà kò ṣe nǹkan kan. Ó lè mú èérún díẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn tínà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tí ó burú jù ni ọ̀dà tí a ń po háádínà mọ́. Nínú háádínà náà ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní isocyanate, tí ó lè fa ikọ́ fée. Àyà tí ó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ kíún lẹ́yìn náà lè dá a dúbúlẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti oṣù kẹjọ 2023, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọjà tí ó bá ní in ju ìwọ̀n kan lọ láìjẹ́ pé ó ti kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ra fún un.

Mo wá láti ní kí ọmọ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo padà di alágbàwí rẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ dá owó ìbòjú tí ó ní àgólò asẹ́ èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sì ṣèlérí pé òun kò ní gba iṣẹ́ oníháádínà títí òun yóò fi ní èyí tí ó ń fa atẹ́gùn tútù wá láti ìta, nítorí asẹ́ nìkan kò tó fún un.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo ní í sọ. Èkínní, ẹ bi ọmọ yín léèrè: ṣé ikọ́ náà máa ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, tí ó sì ń padà lọ́jọ́ iṣẹ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi àgbo fa ọjọ́. Dókítà ni kí ẹ bá lọ, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe fún un. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ó fi tínà sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ọmọdé yóò rò pé omi ni. Ẹ̀kẹta, kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kí ó tó gbé ọmọ jòjòló. Ẹ̀kẹrin, kí iná ìdáná jìnnà sí ibi tí a ti ń fín ọ̀dà, kí ó má sì fín in lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pàtẹ òfì nítòsí.

Ìjàpá bàbá tíṣà ti jáde báyìí, ẹtù gidi ni. Ọmọ náà ti lọ sí UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957, tí kò jìnnà sí Òjé. Wọ́n ní kí ó fẹ́ èémí sínú ọ̀pá, wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì dá oṣù mẹ́ta fún un. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀ pé bí ìwọ̀n náà bá lọ sílẹ̀, òun yóò gbé gọ́ọ̀nù náà tà, òun yóò sì wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ funfun méjèèjì, ó kó wọn sísàlẹ̀ àpótí. Ó ní ọjọ́ tí ọmọ bá gbàgbé ìlérí, òun yóò tú wọn hàn án.

Ó dìgbà kan ná o.