Ilé-Ẹ̀kọ́ Oníke ní Gonzagueville: Òfin Ló Kù

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni Abidjan ti di ilé fún ọmọ Yorùbá. Agbo-ilé tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan kan ní Côte d'Ivoire kò pọ̀ ní Èjìgbò. Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gonzagueville, àdúgbò kan ní Port-Bouët, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ tín-ín-rín láàárín ọ̀sà àti òkun lójú ọ̀nà Grand-Bassam, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ike tí aráyé sọ nù kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù keje ọdún 2019, àjọ UNICEF, tí ó pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Conceptos Plásticos ti ilẹ̀ Colombia, kéde pé yàrá mẹ́sàn-án ni wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù oníke kọ́ ní Gonzagueville, Divo àti Toumodi. Àwọn obìnrin ń ṣa ike náà ní ìgboro, wọ́n ń tà á. Àwọn oníṣẹ́ ń yọ́ ọ, wọ́n ń mọ ọ́n ní búlọ́ọ̀kù tí ó ń wọnú ara wọn. UNICEF sọ lọ́dún náà pé ike tí Abidjan nìkan ń dà nù lóòjọ́ lé ní 280 tọ́ọ̀nù, pé bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ni a ń tún lò, àti pé 15,000 yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni orílẹ̀-èdè náà ṣaláìní. Ìdọ̀tí pọ̀ jù, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Wọ́n fi èyí tí ó pọ̀ jù dí àlàfo èyí tí kò tó.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí baba wa. Wọ́n ní igbá tí ó fọ́ ni í gba kasẹ létí. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ìkòkò fífọ́ ni wọ́n fi tẹ́ ojúde àti àgbàlá, a sì ń rí i níbẹ̀ títí di òní. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé àṣẹ Ọọ̀ni Lúwòó, ọba obìnrin, ni ó mú un wáyé. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: àṣẹ. Ìkòkò ń fọ́ lójoojúmọ́ kí ó tó jọba. Àṣẹ ni ó sọ àfọ́kù di ọ̀nà. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn: ohun èlò ń bẹ lọ́wọ́ wa, ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ń bẹ, òfin ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a bèèrè díẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan ní Port-Bouët bá fẹ́ mọ irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ta ni yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ògiri bá wó lu ọmọ, ta ni yóò dáhùn fún un: ẹni tí ó yọ́ ike, ẹni tí ó ya àwòrán búlọ́ọ̀kù, tàbí ìjọba tí ó gba ilé lọ́wọ́ wọn? Àwọn obìnrin tí ń ṣa ike ńkọ́: òṣìṣẹ́ ni wọ́n lójú òfin ni, tàbí alárìnká?

Ìbéèrè wọ̀nyí tún le sí i nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní 3D printer. Bí amọ̀kòkò ti ń fi amọ̀ lé amọ̀ títí ìkòkò yóò fi dúró ni ẹ̀rọ náà ń fi ike yíyọ́ lé ike ní ìpele-ìpele, gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà bá ti wí, títí ife, eyín ẹ̀rọ tàbí ọwọ́ àtọwọ́dá yóò fi jáde. Ní ọdún 2013, ní WoeLab ní Lomé, Kodjo Afate Gnikou fi ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti kó dànù ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Togo ni, ó sì ti inú àkìtàn mú ẹ̀rọ jáde.

Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí ó ṣeé ṣe? Ọgbọ́n orí Gnikou ni àkọ́kọ́. Èkejì, òfin ni. Scott Crump ará Amẹ́ríkà ti bèèrè fún pátẹ́ǹtì lórí irú ìmọ bẹ́ẹ̀ ní 1989. Pátẹ́ǹtì ni ìwé ẹ̀tọ́ tí ó ní kí ẹlòmíràn má ṣe ohun tí ènìyàn hùmọ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ogún ọdún ni ó sì sábà máa ń lò. Ní 2005, Adrian Bowyer ti Yunifásítì Bath bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ RepRap, ó ń fún gbogbo ayé ní àwòrán ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí pátẹ́ǹtì Crump parí ní 2009 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di púpọ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Orí àwòrán RepRap ni ẹ̀rọ Lomé dúró lé. Òfin ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti ilẹ̀kùn, òun náà ni ó ṣí i. Àwa kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jíròrò.

Ẹ tún wo ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n ṣe òfin tí ó lòdì sí ìfiṣòfò. Ó wí pé bí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan kò bá sí lọ́jà mọ́, tí a sì lè fi ẹ̀rọ 3D mọ ọ́n, kí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fún alátùn-únṣe ní àwòrán rẹ̀, bí ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ bá gbà. Ní 2024, àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù náà ṣòfin lórí ẹ̀tọ́ àtúnṣe. Àwọn tí ń ra tuntun lójoojúmọ́ ti rántí ẹni tí ń tún nǹkan ṣe. Àwa tí àtúnṣe jẹ́ oúnjẹ fún, láti Treichville dé Computer Village ní Ìkẹjà, òfin pátẹ́ǹtì ti 1970 ni a ṣì ń lò ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹ̀rọ 3D nínú èrò ẹni tí ó kọ ọ́.

Ààlà tún dá kún un. Ìwé ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì OAPI ní Yaoundé ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún, Côte d'Ivoire, Togo àti Benin wà nínú wọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Àwòrán tí a bá yà ní Abidjan lè dé Èkó ní ìṣẹ́jú kan láìkan aṣọ́bodè Sẹ̀mẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ta ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ebi ń pa kò ṣe ìwádìí lórí òfin ike. A ní kí wọ́n rántí Koko ní 1988, nígbà tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti Ítálì wá dà sí wa lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Nàìjíríà tó ṣòfin. Kí wọ́n rántí Abidjan ní 2006, nígbà tí ìdọ̀tí ọkọ̀ Probo Koala rán èèyàn tí ó lé ní 100,000 lọ sí ilé ìwòsàn. Ọdún 2023 ni Ilé-Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tó dá ìjọba ibẹ̀ lẹ́bi. Òfin tí ó dé lẹ́yìn ìsìnkú, opó ni ó ń tù nínú.

Òfin tí ó ń ní "má ṣe" nìkan kò tó pẹ̀lú. Ní oṣù karùn-ún 2013, Côte d'Ivoire fòfin de àpò ọ̀rá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, 280 tọ́ọ̀nù ike ṣì ń jáde lóòjọ́ ní Abidjan. Òfin tí a ń fẹ́ yóò sọ ẹni tí yóò kó ike, iye tí yóò gbà, ẹni tí ó lè mọ ọ́n, àti ẹni tí yóò dáhùn bí ó bá ṣẹ́.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn yunifásítì wa, Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, àti Félix Houphouët-Boigny ní Abidjan, kí wọ́n fi àwọn tí ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin sí ẹnu iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì jókòó ti onímọ̀ ẹ̀rọ àti obìnrin tí ń ṣa ike kí wọ́n tó kọ ojú ìwé kìn-ín-ní. A ń bẹ àwọn aṣòfin kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá kọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé wọ́n ti fi ike kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Gonzagueville, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tí ó yẹ kí ó ni ọgbọ́n tí a fi kọ́ ọ. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe; kí a fi ọwọ́ ara wa kọ òfin ara wa.