Ọrùn tó lọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ àlùjànnú: oògùn àrùn ọpọlọ nínú ìdílé wa

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà. Òfin tí à ń lò ṣáájú rẹ̀, àwọn òyìnbó amúnisìn ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1916, òfin wèrè ni wọ́n sì ń pè é. Òfin tuntun yìí fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un, ó sì ta ko kí á máa fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìtọ́jú. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa ni pé: nígbà tí a bá tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà tán, kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí á ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwa Mùsùlùmí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú ọgbà mọ́sálásí kan ní Òjòó, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jáde ní irú ibẹ̀ ní Kàdúná àti Dáúrà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni orí wọn dàrú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwà wọn ló sú òbí wọn. Ní oṣù kan náà, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé àwọn rí ènìyàn nínú ìdè ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọ̀dọ̀ àfáà àti ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè nàka sí ẹnìkejì nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó ń rọ́pò ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni oògùn. Oògùn yìí wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Àkókó wa níbí, láti Afin dé Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá dàrú kì í sábà kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Wọn á gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àfáà, tàbí wòlíì bí ẹnìkan nínú ẹbí bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ẹnìkan á ra nǹkan wá láti kẹ́míìsì. Ìgbà tí owó bá ti tán ni wọn á wá rántí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìkàrẹ́, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tàbí kí wọ́n dé Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti fún un ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n á di oògùn lé wọn lọ́wọ́ fún oṣù kan, nígbà tí èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn tí dókítà kò sì ráyè ṣàlàyé púpọ̀. Ilé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú èyí tó ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba abẹ́rẹ́ haloperidol. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ọrùn rẹ̀ lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ yí sókè kò sì sọ̀kalẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ há, ahọ́n rẹ̀ ń jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rí èyí lóru á sọ pé àlùjànnú ti dé. Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka rúkíyà lé e lórí, wọn á sì kó oògùn dà sí àkìtàn nítorí "oògùn ló bí wọn nínú." Bẹ́ẹ̀, oògùn yìí ló fà á lóòótọ́, láìsí àlùjànnú kankan níbẹ̀. Ó máa ń fún iṣan ara pọ̀, pàápàá lára ọ̀dọ́kùnrin, ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá fi kún un. Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn: abẹ́rẹ́ tàbí oògùn tí ń tú iṣan, irú bí benzhexol tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane. Tí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, ọrùn náà lè padà sí ipò rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, lóru tàbí lọ́sàn-án, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání. Rúkíyà kò burú. Ẹ lè máa kà á nínú ọkọ̀.

Èkejì kì í hàn bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń tan ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ. Aláìsàn kò lè jókòó. Á dìde, á rìn, á jókòó, á tún dìde, á máa gbẹ́sẹ̀ sókè sódò bí ẹni tí ìjàlọ ń jẹ. Ẹbí á ní wèrè náà ti padà dé, wọn á sì fi kún oògùn. Kíkún yẹn á tún mú un burú sí i. Ìnira inú ara ni èyí, oògùn náà ló fà á, aláìsàn fúnra rẹ̀ á sì sọ fún yín bí ẹ bá bi í léèrè: "Ṣé ọkàn rẹ ni kò balẹ̀ ni, tàbí ẹsẹ̀ rẹ ni kò jẹ́ kí o sinmi?" Dókítà lè dín in kù tàbí kó yí i padà. Ìnira yìí lè le débi pé ènìyàn á ní kí òun kú, nítorí náà kí á má ṣe fi ṣeré.

Àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe pàjáwìrì: ọwọ́ gbígbọ̀n, rírìn gbọọrọ bí arúgbó, itọ́ tó ń dà, oorun àsùnjù, ẹnu gbígbẹ, ìgbẹ́ tó le, òòyì nígbà tí ènìyàn bá dìde láti ìdọ̀bálẹ̀ tàbí láti sùjúdù. Kí aláìsàn máa rọra dìde nírun. Chlorpromazine, tí àwọn àgbà mọ̀ sí Largactil, máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara. Ẹni tó bá ń lọ sí oko kòkó tàbí oko iṣu gbọ́dọ̀ dé fìlà, kó wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, kó sì mu omi dáadáa. Olanzapine àti àwọn tuntun mìíràn kì í sábà lọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú ènìyàn sanra, wọ́n sì lè fa ìtọ̀ ṣúgà. Kí wọ́n máa wọn ẹni náà, kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Obìnrin lè rí i pé nǹkan oṣù òun dúró, tàbí pé omi ọmú ń jáde láìbímọ. Risperidone àti haloperidol máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé kì í fẹ́ sọ èyí jáde, ọkọ á sì rò pé oyún ni tàbí pé ilé ọmọ ti dí. Ẹ jẹ́ kí ó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì lóyún lóòótọ́, kí ó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ èyí tó yẹ.

Ọ̀kan wà nínú gbogbo rẹ̀ tó lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ara á gbóná gan-an, á sì le gbagidi bí igi, òógùn á bò ó, ọkàn á máa ṣe kìtìkìtì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yéni mọ́. Níbi tí ibà pọ̀ sí bíi tiwa, wọn á ní ibà ni, tàbí taifọ́ọ̀dù, wọn á sì máa fún un ní oògùn ibà nílé. Ara gbígbóná pẹ̀lú ara líle lára ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n má sì fún un ní oògùn ọpọlọ náà títí dókítà yóò fi rí i.

Abẹ́rẹ́ olóṣooṣù, bíi Modecate, ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń gbàgbé oògùn tàbí tó ń tu ú dànù, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọlé, kò ṣeé fà jáde mọ́. Ohun tó bá fà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn ní díẹ̀ dán wò. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní oògùn òyìnbó ni gbogbo èyí, tiwa kò ní àléébù. Àwọn babańlá wa ti ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè kí òyìnbó tó dé, a kò sì sẹ́ iṣẹ́ wọn. Raymond Prince kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1960 lẹ́yìn tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣègùn Yorùbá. Irú igi náà kan tó wà ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ reserpine jáde ní ọdún 1952, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine wo àrùn ọpọlọ ní ìlú Paris. Nítorí náà egbòogi yìí lágbára, àléébù sì wà nínú rẹ̀: ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá pa á pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn lè ṣubú lulẹ̀ gbì. Igbó, tramadol àti páráagà, ọ̀tá oògùn yìí ni wọ́n pẹ̀lú.

Èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ padà sí ojú títì ni pé ara wọn yá, wọ́n sì dá oògùn dúró. Kì í ṣe bí oògùn ibà ni. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn dáadáa, lẹ́yìn tí ara bá sì yá, dókítà á sábà ní kí wọ́n máa lò ó nìṣó fún ọdún kan ó kéré tán, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn yóò bá dá a dúró, díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ojú dókítà.

Owó ń kọ́? A kò lè pa á mọ́. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí GSK sì kéde ní oṣù kẹjọ ọdún náà pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, oògùn ti di ohun tí ìdílé ń gé sí méjì. Ó sàn kí ẹ sọ fún dókítà pé agbára yín kò ká a. Àwọn oògùn àtijọ́ bíi haloperidol sábà máa ń dínwó ju àwọn tuntun lọ, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó pọ̀ jù, torí ayédèrú wà lọ́jà; kì í ṣe lásán ni NAFDAC fi ti àwọn ọjà oògùn ńláńlá pa ní Onitsha, Aba àti Ìdúmọ̀tà ní oṣù kejì ọdún 2025.

Nípa ààwẹ̀, ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun fún aláìsàn wà nínú Suratul-Baqarah, kò sì yọ aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn yìí ṣeé sún sí ìṣínu àti sààrì bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń lo lithium kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ láìbéèrè, nítorí àìmu omi lè sọ ọ́ di májèlé nínú ara.

Ìrètí wà níbi tí àwọn ènìyàn kò kà sí. Ní ọdún 2020, ìwé ìròyìn Lancet gbé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Aláìsàn 307 ní Nàìjíríà àti Ghana ni wọ́n lò, gbogbo wọn wà lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ tàbí elésìn. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bá wọn níbẹ̀, tó ń fún wọn ní oògùn tó sì ń bá oníwòsàn náà fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ti àwọn tó kù lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kò sì yani lẹ́nu. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn Arọ́ ní Abẹ́òkúta máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú.

Àwọn lèmọ́mù wa ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Afin lè ṣe irú èyí láìdúró de Àbújá. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa àrùn ọpọlọ wá bá àwọn àfáà tó ń wo aláìsàn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, kó fi hàn wọ́n bí ọrùn tó lọ́ ṣe ń rí, kó sì fún wọn ní nọ́ńbà tí wọn yóò pè. Ní ti ìdílé, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ oògùn sí i, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kọjá àti ohunkóhun tí ẹ bá rí lára aláìsàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà dání nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn.